Ìlẹ̀kẹ̀ Ìdí Lọ́rì

Èéfín náà dúdú débi pé n kò rí ọwọ́ ara mi. Mo di aṣọ funfun méjì mọ́ àyà, mo ń wá ẹnu ọ̀nà ilé wa, mo sì ń gbọ́ tí ọkọ̀ náà ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ìkòkò ẹ̀kọ tó fẹ́ bú. Ewúrẹ́ kan sá gba ẹsẹ̀ mi kọjá. Ẹnìkan ń wúkọ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gbá èéfín náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tí mo kọ́kọ́ rí ni ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Wọ́n dúró gbagidi níwájú lọ́rì náà, ọwọ́ wọn méjèèjì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ nítorí aró, wọ́n na ìka kan sí i bí ẹni tó ń bá ọmọ aláìgbọràn wí.

"Pa á," ni wọ́n wí.

Dẹ́rẹ́bà yọ orí jáde. "Ìyá, bí mo bá pa á, ó lè má jí mọ́."

"Kó kú. A ó sin ín."

Ó pa á. Gbogbo abúlé dákẹ́, àfi ẹni tó ń wúkọ́ yẹn.

Òyìnbó ò tíì pẹ́ tí wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá nígbà náà. Abúlé wa wà létí ọ̀nà yẹn, oko kòkó ló yí wa ká. Kí ọ̀nà tó dé, orí ni àwọn èèyàn wa fi ń ru kòkó lọ sí Ìbàdàn, bí wọ́n bá sì fi máa padà dé, ọrùn wọn á ti kúrú. Nítorí náà, nígbà tí lọ́rì kan bẹ̀rẹ̀ sí wá ní gbogbo ọjọ́ ọjà láti kó kòkó, obì àti èèyàn, bí àna tuntun la ṣe ń ṣe é. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo ayé ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tiwa kì í yọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kẹ́lẹ́. A máa ń gbọ́ ọ láti òkè odò, a máa rí èéfín rẹ̀ lókè igi ká tó rí òun fúnra rẹ̀, àwọn ọmọdé á sì sá lọ pàdé èéfín náà, wọ́n á máa jó nínú rẹ̀.

Èéfín yẹn gan-an làwọn àgbà fẹ́ràn jù. Bàbá arúgbó kan wà tí wọ́n máa ń jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ tí kò rú èéfín, ta ló mọ̀ bóyá ó ti jẹun?" Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ dẹ́rẹ́bà nínú. Ọmọ Ìbàdàn ni, ọ̀dọ́ ni, ó máa ń dé akẹtẹ̀ òyìnbó, ó sì ní ṣòkòtò funfun kan tó bẹ̀rù ìdọ̀tí bí ológbò ṣe ń bẹ̀rù omi. Bó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, á kọ́kọ́ tẹ́ àkísà sílẹ̀.

Aláró ni ìyá àgbà. Bí àlejò bá wọ àgbàlá wa, imú ló máa ń kọ́kọ́ dì, nítorí òórùn aró tó ti gbó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi tọrẹ. Àwa kì í gbọ́ ọ mọ́. Ohun tí àwa ń gbọ́ ni omi eérú. Ìkòkò méjì ni wọ́n máa ń gbé lé ara wọn. Eérú ló kún ti òkè, ihò wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n bá ti da omi sí eérú náà, á máa gba ihò yẹn kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀: tó, tó, tó. Omi yìí ni wọ́n fi ń ṣe aró. Bó bá kán yára jù, á fúyẹ́, aró kò ní mú aṣọ. Bó bá kán lọ́ra jù, ọ̀sẹ̀ á parí, ìkòkò kò ní kún. Ìyá àgbà máa ń fi koríko gbígbẹ dí ihò náà, wọ́n á fi igi ìgbálẹ̀ gún un díẹ̀, wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á tún gún un. Wọ́n lè wà nínú yàrá kí wọ́n máa bá èèyàn sọ̀rọ̀, kí wọ́n ṣàdédé ní, "Ìkòkò kẹta ti ń sáré," wọ́n á sì dìde.

Ohun tó fa ìjà wọn pẹ̀lú lọ́rì ni pé ibòji tó dára jù ní abúlé wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ibẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà ń gbé ọkọ̀ sí. Obìnrin kan láti Ẹ̀gbẹ́dá, tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ, ti gbé aṣọ funfun mẹ́rin wá kí wọ́n bá òun rẹ ẹ́. A fọ̀ wọ́n, a sá wọn. Lọ́rì dé, ó fín wọn. Ojú kò tètè rí nǹkan kan, nítorí ọ̀rá ló wà nínú èéfín náà, kì í ṣe dúdú nìkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà rẹ méjì nínú aṣọ náà, gbogbo ibi tí ọ̀rá ti bà lé kọ aró. Tó-tò-tó funfun ló kún ojú aṣọ náà látòkè délẹ̀.

Obìnrin yẹn tú aṣọ náà wò, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ìyá, mo ní kí ẹ bá mi rẹ ẹ́ láró ni. N kò ní kí ẹ sọ ọ́ di ẹyẹ ẹtù."

Ó kúnlẹ̀ sọ ọ́ ni o, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dun ìyá àgbà jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe aró, ẹnikẹ́ni ò dá aṣọ padà sí wọn lọ́wọ́ rí. Wọn ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ọjọ́ ọjà tún pé, tí lọ́rì ń bọ̀, wọ́n ní kí n sáré ká aṣọ méjì tó kù, ibẹ̀ sì ni èéfín ti ká mi mọ́.

Dẹ́rẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó tẹ́ àkísà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ ni. Bí kò bá jẹ, kò ní ṣiṣẹ́."

"Kí ló ń jẹ?"

"Ọ́ìlì."

"Ṣé epo pupa ni àbí àdín?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú wọn, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Àwọn èèyàn ti padà sídìí kòkó wọn lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tó ṣí ìdérí iwájú, tó ń nawọ́ sí i fún ìyá àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì wà nínú agolo kan, ó ń gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá sínú gíláàsì kékeré tó wà níwájú ibi tí òun ń jókòó sí, kí òun lè máa fojú rí i. Láti ibẹ̀ ló ti ń wọ inú ẹ̀ńjìnnì lọ. Bí ẹ̀ńjìnnì kò bá rí i, irin á máa ha irin, á gbóná, á gan. Bó bá sì pọ̀ jù, iná inú rẹ̀ á máa jó o, òun náà ló ń di èéfín.

Ìyá àgbà tẹjú mọ́ gíláàsì náà. "Kí ni ọ́ìlì yìí ń ṣe níbí?"

"Ó ń kán ni, Ìyá."

"Èyí kò kán. Ó ń ṣàn."

Dẹ́rẹ́bà họ orí. Ó ní ìdè irin tó ń sé ọ́ìlì náà ti gbó. Bí òun bá dè é, gbígbọ̀n ọkọ̀ á tún tú u. Wọ́n ti ní kí òun dúró de òmíràn láti ìlú òyìnbó.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta."

Ìyá àgbà mọ irú ọjọ́ mẹ́ta tó ń sọ. Wọ́n wo ọ̀pá náà, wọ́n fi ìka kékeré díwọ̀n ẹnu rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí ó yẹ ni nǹkan kan tó le, tí ọ́ìlì kò lè rà, tó lè há sínú ọ̀pá yìí, tí ihò tóóró kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo òkè, wọ́n wá wo èmi.

"Wá níbí."

Mi ò tíì mọ ohun tó ń bọ̀ tí ọwọ́ wọn fi ti wọ abẹ́ ìró mi, tí wọ́n tú okùn ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi. Mo bú sẹ́kún. Dẹ́rẹ́bà kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo igi ìbẹ́pẹ kan.

"Ìyá," ló wí láìyíjú padà, "ṣé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí kọ́ nìyẹn?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ ni. Kò sí ìdí nínú rẹ̀ mọ́."

Oríṣi mẹ́ta ló wà lórí okùn mi: pupa wẹ́wẹ́, dúdú, àti aláwọ̀ sánmà tí wọ́n tóbi díẹ̀. Bí èèyàn bá wò wọ́n dáadáa, ihò wọn kò dọ́gba. Ìyá àgbà mú pupa kan, èyí tí ihò rẹ̀ kéré jù lọ, wọ́n wé òwú mọ́ ọn.

Dẹ́rẹ́bà ní, "Ìyá, ṣé ihò yẹn ò ní kéré jù?"

"Ìwọ lo jẹ́ kó pọ̀ jù. Ìwọ náà ni yóò wá kọ́ mi ní kékeré?"

Wọ́n ki ìlẹ̀kẹ̀ náà bọ ọ̀pá. Dẹ́rẹ́bà yí irin iwájú ọkọ̀, ẹ̀ńjìnnì jí, èéfín tó kù nínú rẹ̀ jáde fùù, lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Àwọn èèyàn gun ọkọ̀ pẹ̀lú kòkó wọn, lọ́rì sì lọ lójú gbogbo wa, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ẹnu ya abúlé, ṣùgbọ́n inú wọn ò dùn. Bàbá abẹ́ igi ọ̀dán mi orí. "Ara ọkọ̀ yẹn ò yá," ni wọ́n wí.

Ìyá àgbà padà sídìí aró, wọ́n ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìyá mi ti oko dé, tó bá mi tí mò ń di ìró mú bí ẹni tí olè jà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi, ó kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin wá bọ́ ti ọmọ yín, ẹ fi sídìí ọkọ̀."

Ìyá àgbà ní ìdí ọkọ̀ náà ló ń ba aṣọ jẹ́, tèmi ò ba nǹkan kan jẹ́.

Oòrùn ti kọjá àtàrí díẹ̀ nígbà tí a rí àwọn tó bá lọ́rì lọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Obìnrin kan tó ru agbọ̀n obì ló ṣáájú, ó ń tiro, ó sì ń ṣépè fún nǹkan tí kò dárúkọ. Wọ́n ní kí wọ́n tó dé Adégbayì lójú ọ̀nà Ìbàdàn ni lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí han bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń fà létí, gbogbo iwájú rẹ̀ gbóná, ó sì dúró pátápátá. Dẹ́rẹ́bà ló kẹ́yìn. Kò dé akẹtẹ̀ mọ́. Ṣòkòtò funfun náà ti rí ohun tó ń bẹ̀rù.

Iwájú ilé Baálẹ̀ ni gbogbo èèyàn péjọ sí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Bí ọkọ̀ yẹn bá kú, ẹni tó ni ín ní Ìbàdàn lè má rán òmíràn sí wa mọ́, kòkó á tún padà sórí. Olúkúlùkù ló ń sọ tirẹ̀. Ẹnìkan ní dẹ́rẹ́bà di ẹrù jù. Ẹlòmíràn ní ó sùn lójú ọ̀nà. Bàbá abẹ́ igi ọ̀dán ní àwọn ti wí i, ọkọ̀ tí kò rú èéfín, òkú ni. Dẹ́rẹ́bà kúnlẹ̀ láàárín wọn, ó dorí kodò. Mo rò pé yóò sọ ọ́, mo di ìró ìyá àgbà mú. Kò sọ ọ́. Bóyá ojú ń tì í láti sọ pé òun jẹ́ kí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ìdí sínú ẹ̀ńjìnnì ọ̀gá òun, bóyá ó sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni, n kò mọ̀ títí dòní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn mẹ́ta péré ló mọ̀ nípa ìlẹ̀kẹ̀ tó wà nínú ọ̀pá yẹn, yàtọ̀ sí èmi: dẹ́rẹ́bà, ìyá mi, àti ìyá àgbà. Kò sí ẹni tó bi wá ní nǹkan kan. Ìyá mi tilẹ̀ ti fà mí sẹ́yìn, ó fẹ́ ká máa lọ sílé.

Ìyá àgbà rìn gba àárín èrò kọjá.

"Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo ṣì í. Mo dí ọ̀nà oúnjẹ ẹ̀rọ rẹ̀ jù. Ó kìlọ̀ fún mi, n kò gbọ́."

Baálẹ̀ béèrè pé, "Kí lẹ fi dí i?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ yìí."

Gbogbo wọn yíjú sí ìdí mi. Baálẹ̀ fi apá agbádá bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n, omi ń bọ́ lójú wọn. Bí Baálẹ̀ ti rẹ́rìn-ín báyìí, kò sí ẹni tó lè pa tirẹ̀ mọ́ra mọ́. Obìnrin olóbì jókòó sílẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín, àti dẹ́rẹ́bà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orí sókè tó ń wo ìyá àgbà bí ẹni tó rí nǹkan tí kò rí rí.

Àwa mẹ́ta la fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí lọ́rì wà. Dẹ́rẹ́bà gbé agolo ọ́ìlì, ìyá àgbà di ìlẹ̀kẹ̀ mi tó kù sétí ìró, èmi ń tẹ̀ lé ìlẹ̀kẹ̀ mi. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ọkọ̀ náà ti tutù, ó dúró létí igbó bí màlúù tó rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà da ọ́ìlì sínú ẹ̀ńjìnnì, ó di irin iwájú ọkọ̀ mú, ó fà á. Kò mi. Ó tún fà á. Mo wo ojú ìyá àgbà. N kò tíì rí ẹ̀rù lójú wọn rí, n kò sì kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ni mò ń wò.

"Rọra," ni wọ́n wí. "Má fi agbára bá a. Jẹ́ kí ọ́ìlì yẹn wọlé ná."

A dúró. Ẹyẹ kan ń ké, ó ké tán, òmíràn gbà á. Dẹ́rẹ́bà tún di irin náà mú, ó fi ara tì í díẹ̀díẹ̀, nǹkan kan dún kẹ́ nínú rẹ̀, ó sì yí. Ìyá àgbà mí kanlẹ̀.

Wọ́n yọ pupa jáde, wọ́n fi dúdú sí i. Ọ́ìlì ń kán. Ó wá ku bí kíkán náà ṣe gbọ́dọ̀ yá tó. Dẹ́rẹ́bà ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ sọ pé bí èèyàn bá mí lẹ́ẹ̀kan, kó kán lẹ́ẹ̀kan.

"Èémí ta ni?" ni ìyá àgbà béèrè.

Kò rò ó débẹ̀ rí. Ó fi tirẹ̀ díwọ̀n, ìyá àgbà ní tirẹ̀ ń sáré nítorí ẹ̀rù. Ó ní kí wọ́n fi tiwọn díwọ̀n, wọ́n ní tiwọn ti lọ́ra, àgbà ti dé. Ni wọ́n bá gbé mi lé ìjókòó dẹ́rẹ́bà.

"Mí," ni wọ́n wí.

Láyé mi, n kò rí iṣẹ́ tó le tó ìyẹn. Bí wọ́n bá ti ní kí èèyàn mí, kì í mọ bó ṣe ń mí mọ́. Mo fẹ́ ikùn, mo di èémí mú, mo tú u sílẹ̀ gbuu. Dẹ́rẹ́bà ní n kò mí bí èèyàn. Ìyá àgbà ní kó fi mí sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bi mí léèrè irú ìlẹ̀kẹ̀ tí mo fẹ́ kí wọ́n rà fún mi. Bí mo ti ń sọ ọ́, mo gbàgbé, mo sì ń mí. Dúdú lọ́ra ju èémí mi lọ. Wọ́n fi aláwọ̀ sánmà sí i, àwọn méjèèjì tẹ orí wọn mọ́ gíláàsì náà, ọ̀kan gbóòórùn aró, èkejì gbóòórùn ọ́ìlì. Mo mí, ó kán. Mo mí, ó kán.

"Ó tó," ni ìyá àgbà wí.

Dẹ́rẹ́bà yí irin iwájú ọkọ̀, ẹ̀ńjìnnì jí. Ó rú èéfín dúdú díẹ̀, ó rú èyí tó rí bí eérú, lẹ́yìn náà kò ju bí èémí èèyàn lówùúrọ̀ ọyẹ́ lọ. A gùn ún padà sí abúlé, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá àgbà wọ lọ́rì nìyẹn. Wọ́n di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, wọ́n di ojú, wọn ò là á títí a fi délé. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ fún gbogbo èèyàn pé ojú ọ̀nà náà dára púpọ̀.

Wọ́n rẹ aṣọ mẹ́rin fún obìnrin Ẹ̀gbẹ́dá, méjì nínú rẹ̀ láti inú àpótí tiwọn.

Ṣùgbọ́n ìyọnu dẹ́rẹ́bà kò tíì tán. Ní ọjọ́ ọjà méjì tó tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn kò fẹ́ gun ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kò lágbára mọ́, àwọn kì í tilẹ̀ mọ ìgbà tó ń bọ̀. Ó tẹ́ àkísà rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìyá àgbà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi fi èéfín díẹ̀ sí i? Díẹ̀ báyìí, ti ẹnu ọjà nìkan."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara ògiri mú. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé kí wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀ ni, kó wá nǹkan tí yóò máa fi ké sí wọn. Ó ra fèrè ọkọ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fún. Láti ìgbà náà, láti Ẹ̀gbẹ́dá ló ti máa ń fun ún bọ̀, àwọn adìyẹ á fò sórí òrùlé, èrò á sì pé sídìí ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìyá àgbà tún ti dúró níwájú lọ́rì, tí wọ́n ń na ìka sí i nítorí fèrè.

Wọ́n ti kú tipẹ́. Mo lọ sílé ìwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, mo di olùkọ́, mo kọ́ ọmọ títí irun mi fi funfun. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ọgbọ́n ìyá àgbà ni mo rí mú lọ́dọ̀ wọn, torí ibẹ̀ nínú ìtàn yìí ni mo máa ń fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n yẹn, n kò ní in. N kò lè rẹ aṣọ, bí lọ́rì bá kú, èmi náà á jókòó sétí ọ̀nà bí gbogbo èèyàn ni.

Ohun tí mo mú ni bí ohùn ìyá àgbà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn níwájú ilé Baálẹ̀. Kì í ṣe ohùn ẹkún, kì í sì í ṣe ohùn ẹni tó ń fẹ́ kí wọ́n yin òun. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé omi ti hó ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Lọ́dún kan, mo na ọmọ kan ní kíláàsì mi nítorí ìṣirò kan tó ṣì. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé èmi ni mo ṣì í kọ sójú pátákó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá ohùn yẹn. Lọ́jọ́ kẹrin, mo dúró níwájú gbogbo kíláàsì, mo pe ọmọ náà, mo ní, "Èmi ni mo ṣì í." Ohùn mi gbọ̀n. Ti ìyá àgbà kò gbọ̀n, ọjọ́ tí wọ́n ṣì í gan-an ni wọ́n sì sọ ọ́.